Balda, Àlùfáà àti Àwọn Àǹjọ̀nú Inú Òkun: Àlọ́ Ìyá Àgbà Kan Tó Di Ewì

 

Níbi ìpàdé tí a ṣe kọjá, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó sórí ẹní, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa sì ké sí wọn pé, "Ààlọ́ o!" Ọmọ kan dáhùn pé, "Hello, ma!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò dé inú. Ọmọ tí a bí sí Sábọ̀n Gàrí, tó ń sọ Haúsá bí ọmọ onílé, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tíṣà, kò mọ̀ pé "Ààlọ̀" ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Kí ìyá wa tó rí ohun tó máa wí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa, tó kàwé ní Moscow láyé ìjọba Soviet, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pa ọ̀kan tí òun kọ́ lọ́hùn-ún. Ó ní àlọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ni, tó fi ọgbọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn àǹjọ̀nú. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní kó tún un pa. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò. Ta ló kọ́kọ́ pa á? Ṣé ó wà nínú ìwé? Ṣé wọ́n sanwó fún un? A ní kí a kó ìdáhùn rẹ̀ jọ, kí a kọ ọ́ síbí, kí gbogbo ilé lè rí i kà.

Àlọ́ náà rèé. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ sọ́jà, ó ń wá ẹni tó máa gbà síṣẹ́. Ohun tó ń wá lára ẹni náà pọ̀: kó mọ oúnjẹ sè, kó mọ ẹṣin tọ́jú, kó mọ iṣẹ́ káfíńtà, kí owó rẹ̀ má sì wọ́n. Ó pàdé Balda. Ní èdè Rọ́ṣíà, orúkọ yìí kò yàtọ̀ sí kí èèyàn máa jẹ́ Dìndìnrìn. Balda ní òun á sìn ín fún ọdún kan gbáko. Owó ọ̀yà òun kò ju pé kí òun fi ìka ta á níwájú orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lópin ọdún, kó sì máa fún òun ní àlìkámà sísè jẹ. Àlùfáà họ iwájú orí, ó rò ó. Ìka títa kì í pààyàn, ọdún kan sì jìnnà. Ó gbà.

Balda ń sùn sórí koríko gbígbẹ, ó ń jẹ oúnjẹ èèyàn mẹ́rin, ó ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méje. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti túlẹ̀ tán, ó ti dáná sí ààrò, ó ti ra gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ lò nílé, ó ti sun ẹyin, ó tún ti bó o. Ìyàwó àlùfáà ń yìn ín ṣáá. Ọmọbìnrin àlùfáà ń rò ó lọ́kàn. Ọmọ kékeré inú ilé tiẹ̀ ń pè é ní bàbá. Àlùfáà nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Bí ọdún ṣe ń lọ sópin, kò rí oorun sùn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, iwájú orí ti ń fọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá gbà á nímọ̀ràn pé kó bẹ Balda níṣẹ́ tí apá rẹ̀ kò ní ká. Bí kò bá rí i ṣe, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ni àlùfáà bá ní àwọn àǹjọ̀nú inú òkun jẹ òun ní ìṣákọ́lẹ̀ ọdún mẹ́ta, kí Balda lọ gbà á wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin èèyàn rí, ẹ̀yin tí bàbá yín ti ṣe lébìrà ọlọ́dọọdún lóko kòkó kó tó di pé ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sókè yìí, ṣé a tún ní láti túmọ̀ ibi yìí fún yín? Oṣù mọ́kànlá ni ọ̀gá á fi máa pe èèyàn ní ọmọ mi. Tó bá ku oṣù kan kí owó jáde, ìjà á bẹ̀rẹ̀: àdá sọnù, ewúrẹ́ jẹ iṣu, ìwọ lo fà á. Ohun tí àlọ́ yìí dá lé nìyẹn látòkèdélẹ̀. Owó iṣẹ́ ni. Àǹjọ̀nú kàn bá a rìn ni.

Balda kò jiyàn. Ó lọ jókòó sétí òkun, ó ń lọ́ okùn, ó ki orí okùn náà bọ omi. Àgbà àǹjọ̀nú kan yọjú, ó ní kí ló ń ṣe níbí. Balda ní òun fẹ́ fi okùn yìí fa òkun jọ bí ẹni fa ẹnu àpò, kí gbogbo ìran ẹ̀yin ẹlẹ́gbin inú rẹ̀ rí ìyà. Àgbà àǹjọ̀nú bẹ̀ ẹ́, ó ní àwọn á sanwó, òun á rán ọmọ-ọmọ òun sí i. Ọmọ àǹjọ̀nú jáde, ó ń ké bí ọmọ ológbò tí ebi ń pa, ó ní owó wà, àmọ́ kí àwọn kọ́kọ́ díje: ẹni tó bá sáré yí òkun po kó tó ẹnì kejì dé ni kó kó gbogbo rẹ̀. Balda rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ìwọ yìí kọ́ ló yẹ kó bá òun sáré, kó dúró kí òun pe àbúrò òun. Ó wọ inú igbó, ó mú ehoro méjì, ó kó wọn sínú àpò. Ó fa ọ̀kan yọ, ó ní àbúrò òun nìyí. Bí wọ́n ṣe ní ó yá, ehoro gba inú igbó lọ sílé, ọmọ àǹjọ̀nú gba etí òkun. Nígbà tó fi máa yí òkun po, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí gbogbo ara rẹ̀ tutù fún òógùn, Balda ti gbé ehoro kejì sẹ́sẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Sinmi, àbúrò mi, ó ti rẹ̀ ọ́."

Ìdíje kejì ni igi jíjù. Àǹjọ̀nú ní kí Balda yan ibi tí ó fẹ́ kí igi náà dé. Balda ní òun ń dúró de ìkùukùu tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni, inú rẹ̀ ni òun máa sọ ọ́ sí. Ẹ̀rù ba ọmọ àǹjọ̀nú, ó sá lọ bá bàbá àgbà. Ìdíje kẹta ni ẹṣin. Balda ní kó gbé abo ẹṣin kan tó dúró nítòsí, kó gbé e rìn díẹ̀. Ọmọ àǹjọ̀nú wọ abẹ́ ẹṣin, ó gbé e nílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ní ẹ̀kẹta ó ṣubú yakata. Balda ní, ìwọ ò lè fi ọwọ́ gbé e, èmi á fi itan gbé e. Ó gun ẹṣin, ó sáré lọ títí eruku fi bo ojú ọ̀nà. Wọ́n kó owó fún un.

Nígbà tí ó délé, àlùfáà sá pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó. Balda kó owó kalẹ̀, ó ní kí wọ́n san tòun. Ìka àkọ́kọ́, àlùfáà fò kan àjà. Ìka kejì, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìka kẹta, làákàyè rẹ̀ fò lọ. Balda kàn ń rán an létí ọjà ọ̀pọ̀ tó bá jáde nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni.

A mọ̀ pé ẹnì kan á bi wá pé kí ló dé tí a kò pe àwọn ará inú òkun yìí ní Èṣù, bí ó ṣe wà nínú Bíbélì. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kó yé wa. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, Èṣù ni wọ́n fi dí ipò ọ̀tá Ọlọ́run inú ìwé náà, látìgbà náà ni orúkọ òrìṣà oríta, ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ti kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Àwọn Mùsùlùmí wa ní Bìlísì àti Ṣàítánì láti inú èdè Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, àwọn tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọba ọ̀run àpáàdì. Wọ́n ń gbé inú omi, wọ́n ní bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ, wọ́n ní àpò owó, ojo ni wọ́n, wọ́n sì gọ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí àgbègbè Haúsá ti gbọ́ ìtàn àǹjọ̀nú tó tó báyìí. Ìyẹn ló fi bá a mu.

Ẹni tó sọ àlọ́ yìí di ewì ni Aleksandr Pushkin, tí wọ́n bí ní Moscow ní 1799, tí àwọn ará Rọ́ṣíà títí dòní gbà pé ó ga ju gbogbo akéwì wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ilé tí wọ́n bí i sí. Ní ayé ìgbà yẹn, èdè Faransé ni àwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà ń sọ nínú pálọ̀. Bàbá rẹ̀ ń sọ Faransé, àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà fún un ń sọ Faransé, òun náà fi Faransé kọ ewì nígbà tó wà lọ́mọdé. Rọ́ṣíà jẹ́ èdè ilé ìdáná, èdè àwọn ẹrú. Àbí ẹ ò rí i pé kò jìnnà sí "Hello, ma"? Àwọn tó fi èdè ìlú rẹ̀ sí i lẹ́nu ni ìyá ìyá rẹ̀ àti obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ilé náà, Arina Rodionovna.

Ní 1824, lẹ́tà kan tí Pushkin kọ bọ́ sí ọwọ́ àwọn aláṣẹ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tako ìgbàgbọ́. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní kó lọ jókòó sí oko ìyá rẹ̀ ní Mikhailovskoye, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì ni. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ, ó ku òun àti Arina, tí ó ti lé ní ọdún 65. Lálaalẹ́, ìyá náà á pa àlọ́, ọkùnrin ọmọ ọdún 25 yìí á jókòó, á máa gbọ́. Ó kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ ní oṣù November ọdún yẹn pé àwọn àlọ́ yìí ni òun fi ń dí àléébù tó wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ òun dàgbà. Ó sì mú ìwé, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní ṣókí, kí wọ́n má baà sọnù. Àlọ́ Balda wà lára wọn.

Ẹ má bínú, a fẹ́ yà díẹ̀ níbí, nítorí ìdí kan wà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn fi kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Mikhailovskoye wà lára ilẹ̀ tí Ọbabìnrin Elizabeth ti Rọ́ṣíà fún Abram Gannibal ní 1742. Gannibal yìí ló bí bàbá ìyá-ìyá… ẹ jẹ́ ká tò ó dáadáa: Gannibal bí Osip, Osip bí Nadezhda, Nadezhda bí Pushkin. Ọmọ Áfíríkà ni Gannibal. Wọ́n jí i gbé lọ́mọdé, wọ́n gbé e dé ìlú àwọn Tọ́kì, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ bá Peter, ọba Rọ́ṣíà. Peter ṣe baba ìsàmì fún un ní 1705, ó rán an lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó padà wá di onímọ̀ ẹ̀rọ ogun, ó sì di ọ̀gágun kó tó kú ní 1781. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó kọ sí ìjọba pé ìlú kan tó ń jẹ́ Lagon ni wọ́n ti bí òun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ilẹ̀ Ethiopia tàbí Eritrea ni. Ní 1996, òpìtàn Dieudonné Gnammankou, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó múlé ti àwa Yorùbá, kọ ìwé odindi pé Logone-Birni ni, ìlú àwọn Kotoko ní àríwá Kamẹrúùnù, ní gúúsù adágún Chad. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Maidúgùrì, ẹ wo máàpù, ẹ wo bí Logone-Birni ṣe sún mọ́ yín tó.

Ohun tó wá ń dùn wá níbẹ̀ rèé. Arina Rodionovna, tí wọ́n bí ní 1758, ẹrú ni. Láyé ìgbà yẹn ní Rọ́ṣíà, bí olówó bá ra ilẹ̀, ó ra àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1759, Gannibal ra ilẹ̀ Suida, nítòsí St Petersburg, Arina tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ sì bá ilẹ̀ náà lọ. Ọmọ tí wọ́n jí gbé ní Áfíríkà tí wọ́n sọ di ẹrú ló padà wá ní ẹrú. A kò sọ èyí láti fi bú u, ayé ìgbà yẹn ni. Àwa náà mọ̀ pé nílẹ̀ tiwa ẹrú wà, ìwọ̀fà sì wà. Ìwọ̀fà ní iye owó tó ń fi iṣẹ́ dá dúró, ó lè san án kúrò. Ẹrú kò ní nǹkan kan tí yóò san. Obìnrin tó wà ní ipò yìí ló ń pa àlọ́ òṣìṣẹ́ tó bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn, tó di àdéhùn náà mú títí òpin, tó sì gba tirẹ̀ pé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn tálákà Rọ́ṣíà fi fẹ́ràn Balda, ẹ má wò jìnnà.

Pushkin kò kọ ewì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù September 1830, ó lọ sí Boldino nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kó lè rí nǹkan fi gbéyàwó. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n dínà, kò lè padà sí Moscow, ó sì há síbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá rántí ìgbà Kòrónà lọ́dún 2020, tí wọ́n ti ààlà ìpínlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè lọ sílé sin òkú, á mọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Oṣù mẹ́ta yẹn ni ó kọ̀wé jù láyé rẹ̀. Ewì Balda wà lára àwọn tó kọ́kọ́ parí, ọjọ́ 13 oṣù September ni ó kọ sí ìdí rẹ̀.

Bàbá wa tó kàwé ní Moscow ka díẹ̀ nínú rẹ̀ létí wa ní èdè Rọ́ṣíà. A ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ etí wa mọ ohùn náà. Ìlà kan gùn, èkejì kúrú, kò sí ìwọ̀n tó dọ́gba, ìparí wọn nìkan ló ń bá ara wọn dún ní méjì-méjì. Ó ní ohùn àwọn tó máa ń gbé àpótí àwòrán kiri ojú ọjà ayé àtijọ́ nìyẹn, tí èèyàn máa ń gba ojú ihò wo inú rẹ̀, tí oníàpótí á sì máa kì í bí ó ṣe ń yí àwòrán. Nínú wa, ìpolówó ọjà ló jọ jù. Akéwì tó mọ gbogbo ìlù ilẹ̀ Faransé jó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ yá ohùn ọlọ́jà láti fi ki ọmọ-ọ̀dọ̀ kan àti ìyá tó pa á fún un. Ní tiwa o, ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ìjà wá kù. Ní Rọ́ṣíà ìgbà yẹn, kò sí ìwé tí wọ́n lè tẹ̀ láìjẹ́ pé aláṣẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ti ṣọ́ọ̀ṣì sì le ju ti ìjọba lọ. Àlùfáà tó ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ, tí wọ́n fi ìka ta títí orí rẹ̀ fi dàrú? Kò ní kọjá. Pushkin kò rí ewì yìí tẹ̀ títí wọ́n fi yìnbọn lù ú nínú ìjà ẹlẹ́ni méjì ní 1837. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Vasily Zhukovsky, akéwì tó tún jẹ́ olùkọ́ àrólé ọba, kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ. Ó rí Balda, ó fẹ́ kí ayé kà á, ó sì mọ̀ pé kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ó yọ àlùfáà kúrò, ó fi oníṣòwò kan rọ́pò rẹ̀, ó pè é ní Kuzma Ostolop. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní 1840.

Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò ni ọ̀gá Balda, kí ni àǹjọ̀nú ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un fún? Abẹ ewì náà wà níbẹ̀ gan-an: èèyàn Ọlọ́run lọ́sàn-án, tó ní owó lọ́wọ́ àwọn ará òkùnkùn, tí ojú kò tì í láti sọ ọ́ fún ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀. Zhukovsky bọ̀ abẹ náà lákọ̀. A kò dá a lẹ́bi tán, nítorí láìsí i, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà jẹrà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ọdún 42 ni ọmọ Rọ́ṣíà fi ń ka Balda tí wọ́n ti bó eyín rẹ̀. 1882 ni wọ́n tó tẹ ojúlówó rẹ̀ jáde, pẹ̀lú àlùfáà ní ipò rẹ̀. Ní àárín kan ṣá, ní 1861, ọba tó fòpin sí ẹrú níní ní Rọ́ṣíà ni Alexander Kejì, àrólé tí Zhukovsky kọ́ níwèé nígbà èwe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìgbàgbé. Ní 2011, ní ìlú Armavir ní gúúsù Rọ́ṣíà, àlùfáà kan tún tẹ ti Kuzma Ostolop jáde fún àwọn ọmọdé, ariwo sì sọ. Láyé Soviet náà, tí wọ́n fẹ́ràn Balda nítorí pé ó bú àlùfáà, orí rẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, Mikhail Tsekhanovsky ń ya á ní fíìmù àwòrán, Shostakovich sì kọ orin rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò parí. Bọ́ǹbù Jámánì sun èyí tó wà nílẹ̀ ní Leningrad ní 1941, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ tó jẹ́ apá ọjà ló ṣẹ́kù.

Àwọn tó ń ṣàkójọ àlọ́ káàkiri ayé ti fi nọ́ńbà sí wọn bí ẹni to ọjà sórí àtẹ. Antti Aarne ará Finland ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1910, Stith Thompson ará Amẹ́ríkà sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Nínú ìwé wọn, eré ìje tí ẹnì kan fi ehoro ṣe ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ni 1072. 1074 ni eré ìje tí ẹranko kan fi àwọn ẹbí rẹ̀ sọ́nà, kí ẹni tó ń bá a sáré máa rò pé òun kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ni wọ́n ti fún Ìjàpá ní ipò yẹn. Okùn Balda létí òkun náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìjàpá tiwa fún Erin ní orí okùn kan, ó fún Erinmi ní ìkejì, ó ní òun ni wọ́n ń bá fa okùn, àwọn méjèèjì fa ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ fúnra wọn rí: Ìjàpá máa ń gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyà sì máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn. Balda kò gba ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kó gbogbo owó àǹjọ̀nú fún ọ̀gá láìyọ kọ́bọ̀, ó wá béèrè ìka mẹ́ta.

Ìyẹn ló gbé wa padà sí ìbéèrè ọmọ yẹn, ṣé wọ́n sanwó fún un. Bàbá wa ní Balda gba tirẹ̀. Ọmọ náà ní òun kò béèrè Balda, ìyá tó pa àlọ́ ni òun ń béèrè.

Gbogbo ilé dákẹ́ díẹ̀. Bàbá wa wá sọ èyí tó mọ̀. Ó ní ìyá náà kú ní St Petersburg ní 1828, nílé ẹ̀gbọ́n Pushkin obìnrin, ọdún méjì kí ọmọ tó tọ́ tó kọ ewì náà. Kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n sin ín sí itẹ́ Smolenskoye, ojú oórì rẹ̀ sì ti sọnù. Àkọlé tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà itẹ́ náà ní 1977 ni àlejò ń rí.

Ọmọ tó dáhùn "Hello" náà ló mú bíírò. Ó ní kí wọ́n pe orúkọ ìyá náà kí òun kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé òun. Bàbá wa pè é lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a wò ó, Àrínà ló kọ, ó ti fi àmì sí i lórí bí orúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú.